Orí Keje: Bí Service Ṣe Ń Bẹ̀rẹ̀ àti Bó Ṣe Ń Dúró Lórí Linux

Iṣẹ́ púpọ̀ ni kọ̀ǹpútà Linux ń ṣe tí ojú ẹni tó jókòó sídìí rẹ̀ kò tó. Ètò kan ń ṣọ́ aago, ó ń ṣe iṣẹ́ tí a yàn fún wákàtí kọ̀ọ̀kan. Òmíràn ń retí ẹni tó fẹ́ wọlé láti òkèèrè. Òmíràn ń to ìwé sílẹ̀ de ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, òmíràn sì ń fún àwọn tó yà sí ojúlé wẹ́ẹ̀bù ní ojú-ewé tí wọ́n béèrè. Ètò tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn báyìí, tí kò ní fèrèsé lójú kọ̀ǹpútà, tí kì í sì í dúró de kí ẹnikẹ́ni wọlé kó tó bẹ̀rẹ̀, là ń pè ní service.

Ìbéèrè méjì ló wà lórí service kọ̀ọ̀kan. Ìkíní: ṣé ó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ báyìí? Ìkejì: ṣé yóò dìde fúnra rẹ̀ nígbà tí a bá tún kọ̀ǹpútà tan? Ọ̀tọ̀ ni ìbéèrè kìíní, ọ̀tọ̀ ni ìkejì, àṣẹ tó sì yanjú ọ̀kan kì í kan èkejì. Ẹni tó bá mọ ìyàtọ̀ yìí dáadáa ti mọ èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Orí rẹ̀ ni gbogbo ẹ̀kọ́ yìí dá lé.

Bí a bá parí orí yìí, akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè:

- sọ ẹni tó ń tan service àti bí a ṣe dé orí systemd;
- wo ipò service, bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, dá a dúró, kó sì mú un ka ìṣètò tuntun;
- pinnu service tí yóò máa dìde pẹ̀lú kọ̀ǹpútà àti èyí tí kò ní í dìde;
- kọ fáìlì unit fún service tirẹ̀;
- wá ìdí tí service fi kọ̀ láti dìde.

7.1 Ètò tó gba nọ́ńbà 1

Lẹ́yìn tí kernel Linux bá ti wọ inú ìrántí kọ̀ǹpútà, tó sì ti mọ dísìkì àti àwọn ẹ̀rọ yòókù, ètò kan péré ló máa ń pè jáde. Ètò náà ló ń gba nọ́ńbà 1. Òun ló ń bí àwọn ètò mìíràn, àwọn náà a sì bí tiwọn. Bí nọ́ńbà 1 bá kú, kernel yóò dáwọ́ iṣẹ́ dúró, kọ̀ǹpútà yóò sì dákú.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, init tí a kọ ní àfijọ ti Unix System V ló wà ní ipò yìí. Service kọ̀ọ̀kan ní script tirẹ̀ nínú fódà /etc/init.d. Kọ̀ǹpútà ní ìpele láti 0 dé 6, ìpele kọ̀ọ̀kan sì ní fódà tirẹ̀, bí /etc/rc3.d. Orúkọ fáìlì tó wà níbẹ̀ ló ń sọ ohun tí a ó ṣe: èyí tó fi S bẹ̀rẹ̀ ń sọ pé kí a tan service náà, èyí tó fi K bẹ̀rẹ̀ ń sọ pé kí a pa á, nọ́ńbà tó tẹ̀ lé lẹ́tà náà sì ń sọ ipò rẹ̀ lórí ìlà.

Ọ̀nà yìí rọrùn láti lóye, ṣùgbọ́n ó ní àléébù méjì. Ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni àwọn service ń bẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀kan bá ń fà, gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ yóò dúró dè é. Èkejì ló burú jù: init kò mọ àwọn ọmọ tí service bí. Script a kọ nọ́ńbà ètò sínú fáìlì kékeré kan, òun náà la ó sì wò nígbà tí a bá fẹ́ pa á. Bí nọ́ńbà náà kò bá jẹ́ òótọ́ mọ́, tàbí bí service bá ti bí ọmọ tí kò sí nínú ìwé, a ó rò pé a ti pa á tán, nígbà tí ọmọ rẹ̀ ṣì ń jẹ ìrántí kọ̀ǹpútà lọ.

Ní 2006, iléeṣẹ́ Canonical gbé Upstart jáde nínú Ubuntu 6.10 láti wá ojútùú sí èyí. Ní 2010, Lennart Poettering àti Kay Sievers bẹ̀rẹ̀ systemd. Fedora 15 ló kọ́kọ́ fi í ṣe nọ́ńbà 1 rẹ̀ ní 2011. Red Hat Enterprise Linux 7 tẹ̀ lé e ní 2014, Debian 8 àti Ubuntu 15.04 sì gbà á ní 2015. Kò rọrùn ní Debian: nígbà tí ìgbìmọ̀ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ẹ̀rọ wọn dìbò ní oṣù kejì 2014, ìbò dọ́gba láàárín systemd àti Upstart, ìbò alága ló já ọ̀rọ̀ náà. Àwọn tí inú wọn kò dùn sí i yà lọ, wọ́n dá Devuan sílẹ̀. Títí dòní, Alpine ń lo OpenRC, Void sì ń lo runit. Ṣùgbọ́n systemd ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò bá lórí ọ̀pọ̀ sáfà, òun ni a ó sì kọ́ níbí.

Agbára systemd wà nínú ohun èlò kernel tí a ń pè ní cgroup. Bí service bá ti bẹ̀rẹ̀, systemd ń kó òun àti gbogbo ọmọ rẹ̀ sínú agbo kan. Ètò tí wọ́n bá bí lẹ́yìn náà, inú agbo náà ni yóò wà. Nígbà tí a bá wá ní kí service dúró, systemd mọ gbogbo ètò tó yẹ kó pa, kò sì sí èyí tó lè sá mọ́ ọn lọ́wọ́.

7.2 Kọ́kọ́ wò kí o tó fọwọ́ kàn án

systemctl ni àṣẹ tí a fi ń bá systemd sọ̀rọ̀. Kí a tó yí ohunkóhun padà, ẹ jẹ́ kí a wo bó ṣe wà:

```
systemctl status cron
systemctl list-units --type=service
systemctl --failed
```

Nínú èsì àṣẹ kìíní, ìlà méjì ló ṣe pàtàkì jù. Ìlà Active ń dáhùn ìbéèrè kìíní: active túmọ̀ sí pé ó ń ṣiṣẹ́, inactive pé kò ṣiṣẹ́, failed pé ó gbìyànjú, ó sì kùnà. Ìlà Loaded ń sọ ibi tí fáìlì unit wà, ìyẹn fáìlì tó ń ṣàpèjúwe service náà fún systemd, ó sì ń dáhùn ìbéèrè kejì: enabled túmọ̀ sí pé yóò dìde pẹ̀lú kọ̀ǹpútà, disabled pé kò ní í dìde fúnra rẹ̀. Àwọn ìlà tó kẹ́yìn nínú èsì náà jẹ́ ọ̀rọ̀ tí service fúnra rẹ̀ sọ láìpẹ́.

Orúkọ service lè yàtọ̀ láti ẹ̀yà Linux kan sí èkejì. Ohun tí Debian àti Ubuntu ń pè ní cron, apache2 àti ssh ni Fedora àti Red Hat ń pè ní crond, httpd àti sshd. Bí systemctl bá sọ pé òun kò rí unit kan, orúkọ ni kí a kọ́kọ́ fura sí.

Bí a bá ń kọ script, is-active àti is-enabled ló yẹ. Wọ́n ń dáhùn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan péré, wọ́n sì ń dá 0 padà bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni.

7.3 Àṣẹ fún ìsinsìnyí

```
sudo systemctl start nginx
sudo systemctl stop nginx
sudo systemctl restart nginx
sudo systemctl reload nginx
```

start ń bẹ̀rẹ̀ service, stop ń dá a dúró. restart ń ṣe méjèèjì tẹ̀ léra. Ní àárín wọn, ẹni tó bá kàn sí service náà kò ní í bá a. reload kì í dá service dúró rárá: ó ń ní kó tún ìṣètò rẹ̀ kà níbi tó wà, kí iṣẹ́ sì máa lọ. Bí nginx bá ń fún igba ènìyàn ní ojú-ewé lọ́wọ́, tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ojúlé tuntun kún ìṣètò rẹ̀, reload ló yẹ ká lò. Kì í ṣe gbogbo service ló mọ reload ṣe. Systemd yóò sọ fún wa bí èyí tí a pè kò bá mọ̀ ọ́n.

Kí a tó lo restart, ó dára kí a yẹ ìṣètò tuntun wò. Àṣẹ sudo nginx -t ń ṣe èyí fún nginx, sudo sshd -t ń ṣe é fún ssh. Service tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ìṣètò àtijọ́ sàn ju èyí tí a pa tí kò sì lè dìde mọ́ nítorí àmì kan tí a gbàgbé. Lórí sáfà tó wà níbi tí ọwọ́ wa kò dé, tó jẹ́ ssh nìkan ni ọ̀nà tí a ń gbà wọlé, àṣìṣe bẹ́ẹ̀ lè ti ilẹ̀kùn mọ́ wa síta.

Bí service ṣe ń dúró yẹ fún àlàyé. Nígbà tí a bá sọ pé stop, systemd kì í fi ipá pa á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àmì SIGTERM, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 15, ló kọ́kọ́ ń rán. Àmì náà ń sọ fún ètò pé àkókò ti tó: kó parí iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó kọ ohun tó wà nínú ìrántí sórí dísìkì, kó pa fáìlì dé, kó sì jáde. systemd yóò wá dúró. Bí ẹni tó ṣètò ẹ̀yà Linux náà kò bá yí i padà, ìṣẹ́jú-àáyá 90 ni yóò fún un. Bí àkókò bá pé tí ètò náà kò jáde, SIGKILL, nọ́ńbà 9, ló kàn. Kò sí ètò tó lè kọ SIGKILL, kò sì sí èyí tó lè palẹ̀ mọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ohun a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun a bá fagbára mú ní í nini lára. Dátábéèsì bíi PostgreSQL tàbí MariaDB lè ní iṣẹ́ púpọ̀ tí yóò kọ sílẹ̀ kó tó jáde. Alábòójútó tó bá rí i pé ó ń pẹ́, tó sì sáré lo kill -9, ti gba ìpalẹ̀mọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí dátábéèsì náà bá tún dìde, yóò ní láti ṣàtúnṣe ara rẹ̀ kó tó gba àlejò. Bí service kan bá nílò àkókò ju 90 lọ lóòótọ́, TimeoutStopSec nínú fáìlì unit rẹ̀ ni ká fi kún.

7.4 Àṣẹ fún ìgbà tí kọ̀ǹpútà bá tún dìde

```
sudo systemctl enable nginx
sudo systemctl disable nginx
sudo systemctl enable --now nginx
```

enable kì í bẹ̀rẹ̀ service. Ohun tó ń ṣe kò ju pé ó fi fáìlì atọ́ka kan sínú fódà bíi /etc/systemd/system/multi-user.target.wants. Nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń dìde, systemd yóò wo fódà yìí, yóò sì bẹ̀rẹ̀ gbogbo ohun tó bá níbẹ̀. disable ń yọ fáìlì atọ́ka náà kúrò, kì í sì í dá service tó ń ṣiṣẹ́ dúró. Bí a bá fẹ́ kí àṣẹ kan kan ìsinsìnyí àti ọjọ́ iwájú pọ̀, --now ni ká fi kún un.

Nítorí náà, ipò mẹ́rin ni service lè wà:

- Ó ń ṣiṣẹ́, ó sì jẹ́ enabled. Ipò yìí ló tọ́ sí service tí a nílò lójoojúmọ́.
- Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó jẹ́ disabled. Ohun gbogbo ń lọ dáadáa títí kọ̀ǹpútà yóò fi kú.
- Kò ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó jẹ́ enabled. A ti pa á lónìí, yóò sì tún dìde lọ́jọ́ mìíràn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é.
- Kò ṣiṣẹ́, ó sì jẹ́ disabled. Ó ń dúró de àṣẹ.

Ipò kejì ló ń tan ènìyàn jẹ jù. Ní Nàìjíríà, níbi tí iná mànàmáná ti lè lọ nígbàkúgbà, kì í pẹ́ kó tó fara hàn. Alábòójútó fi start bẹ̀rẹ̀ service, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ń ṣiṣẹ́, ó bá tirẹ̀ lọ. Iná lọ lóru, bátìrì tán, iná padà dé, kọ̀ǹpútà tan fúnra rẹ̀. Gbogbo service tó jẹ́ enabled ló dìde, ṣùgbọ́n ti àná kò dìde. Ipò kẹta náà léwu: service tí a pa nítorí pé kò ní ààbò yóò tún ṣílẹ̀kùn lẹ́yìn tí iná bá dé, bí a kò bá disable rẹ̀.

Nígbà mìíràn, disable pàápàá kò tó. Service mìíràn tó nílò rẹ̀ ṣì lè pè é, tàbí kí ètò tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì jí i. Bí a bá fẹ́ kí ó má dìde rárá, mask ni àṣẹ rẹ̀:

```
sudo systemctl mask cups
sudo systemctl unmask cups
```

mask ń so orúkọ unit náà mọ́ /dev/null, ibi tí kò sí nǹkankan. Àní bí alábòójútó fúnra rẹ̀ bá ní kó start, systemd yóò kọ̀ títí a ó fi lo unmask.

7.5 Kíkọ service tiwa

Ká sọ pé yàrá kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ kan ní ìwé àkàkọ́ nínú /srv/iwe, a sì fẹ́ kí gbogbo kọ̀ǹpútà inú yàrá náà lè kà á, àní nígbà tí kò sí íntánẹ́ẹ̀tì. Python ní sáfà wẹ́ẹ̀bù kékeré tó tó fún èyí nínú yàrá. Kò yẹ fún íntánẹ́ẹ̀tì gbangba. A ó kọ́kọ́ dá aṣàmúlò tí kò ní agbára kankan sílẹ̀:

```
sudo useradd --system iwe
```

Lẹ́yìn náà, a ó kọ fáìlì /etc/systemd/system/iwe.service:

```
[Unit]
Description=Iwe akako fun yara komputa
After=network.target

[Service]
User=iwe
ExecStart=/usr/bin/python3 -m http.server 8000 --directory /srv/iwe
Restart=on-failure
RestartSec=5

[Install]
WantedBy=multi-user.target
```

Apá Unit ń sọ irú ohun tó jẹ́ àti ìbátan rẹ̀ pẹ̀lú àwọn mìíràn. After ń sọ̀rọ̀ nípa ètò ìtẹ̀léra nìkan: bí méjèèjì bá máa bẹ̀rẹ̀, kí tiwa kẹ́yìn. Kò pe ẹnikẹ́ni. Wants àti Requires ló ń pe ẹlòmíràn wá, ṣùgbọ́n àwọn náà kò sọ ẹni tó máa ṣáájú. Bí service wa bá nílò dátábéèsì, tó sì gbọ́dọ̀ dúró dè é, a ó kọ Requires àti After pọ̀.

Apá Service ń sọ bí yóò ṣe ṣiṣẹ́. User ń rí i dájú pé kò ní agbára root. Bí ẹnikẹ́ni bá gba ibẹ̀ wọlé, ibi tí aṣàmúlò iwe lè dé ni yóò mọ. ExecStart gbọ́dọ̀ jẹ́ àṣẹ tó pé, ó sì dára ká kọ ọ̀nà ètò náà láti /. Restart=on-failure ń sọ pé bí ó bá ṣubú, kí systemd gbé e dìde lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá 5. Bí a bá fi stop dá a dúró fúnra wa, kò ní í gbé e dìde. Bí a bá fi RestartSec sílẹ̀ láìkọ, ìdúró díẹ̀ péré ni systemd yóò ṣe, bí service bá sì bẹ̀rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀marùn-ún lọ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 10, systemd yóò fi í sílẹ̀ bíi failed. Pẹ̀lú 5 tí a kọ, kò lè dé iye náà, yóò máa gbìyànjú lọ.

Apá Install ni enable ń kà láti mọ fódà tí yóò fi fáìlì atọ́ka sí. Fáìlì tí kò ní apá yìí kò ṣeé enable. multi-user.target tí a dárúkọ níbẹ̀ ni arọ́pò ìpele 3 àtijọ́, graphical.target rọ́pò ìpele 5, rescue.target sì rọ́pò ìpele 1.

Ní báyìí:

```
sudo mkdir -p /srv/iwe
sudo systemctl daemon-reload
sudo systemctl enable --now iwe
systemctl status iwe
```

daemon-reload ń mú kí systemd tún àwọn fáìlì unit kà. Ìgbàkúgbà tí a bá fọwọ́ ara wa tún fáìlì unit ṣe, a gbọ́dọ̀ lò ó.

Má ṣe fọwọ́ kan fáìlì unit tó wà nínú /usr/lib/systemd/system. Ti àwọn tó ṣe ẹ̀yà Linux náà ni; nígbà tí ìmúdójúìwọ̀n bá dé, yóò bo àtúnṣe rẹ mọ́lẹ̀. sudo systemctl edit nginx ń ṣí fáìlì kékeré kan nínú /etc/systemd/system/nginx.service.d, níbi tí àtúnṣe rẹ yóò wà láìséwu. systemctl cat nginx ń fi méjèèjì hàn pa pọ̀.

7.6 Nígbà tí service bá kọ̀

Ẹni tó bá ń tún restart pè lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin, láìka ohun tí service sọ, ń fi àkókò ṣòfò. Ó ti sọ ìdí rẹ̀ sínú àkọsílẹ̀:

```
journalctl -u iwe -b
journalctl -u iwe -f
journalctl -p err -b
```

-u ń yan service, -b ń yan láti ìgbà tí a tan kọ̀ǹpútà, -f ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ bó ṣe ń jáde, -p err ń fi àṣìṣe nìkan hàn. Nọ́ńbà méjì wúlò láti mọ̀. 203/EXEC túmọ̀ sí pé systemd kò lè ṣí ètò tó wà nínú ExecStart: bóyá ọ̀nà rẹ̀ kò tọ̀nà, tàbí a kò fún un láṣẹ láti ṣiṣẹ́. 217/USER túmọ̀ sí pé aṣàmúlò tí a dárúkọ kò sí.

Lórí kọ̀ǹpútà tí kò ní fódà /var/log/journal, àkọsílẹ̀ lè wà nínú ìrántí nìkan, yóò sì pa rẹ́ nígbà tí iná bá lọ, ní àkókò tí a nílò rẹ̀ jù. Dá fódà náà sílẹ̀, kí o sì tún systemd-journald bẹ̀rẹ̀. Ìgbà yẹn ni journalctl -b -1 yóò lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí kọ̀ǹpútà tó kú.

7.7 Ìdánrawò

1. Fi is-active àti is-enabled wo service márùn-ún lórí kọ̀ǹpútà rẹ. Fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ọ̀kan nínú ipò mẹ́rin tó wà ní 7.4.
2. Ṣàlàyé ìyàtọ̀ tó wà láàárín restart àti reload, kí o sì sọ ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yẹ.
3. Kọ iwe.service bó ṣe wà ní 7.5. Lo sudo systemctl kill -s SIGKILL iwe, kí o wo status ní ìṣẹ́jú-àáyá 10 lẹ́yìn náà. Kí ló ṣẹlẹ̀, kí sì ni ìdí rẹ̀?
4. Yí User padà sí orúkọ tí kò sí. Wá nọ́ńbà àṣìṣe rẹ̀ nínú àkọsílẹ̀, kí o sì tún un ṣe.
5. Kí ni mask lè ṣe tí disable kò lè ṣe? Fi àpẹẹrẹ kan tì í lẹ́yìn.
6. Tún kọ̀ǹpútà rẹ tan. Láìfọwọ́ kan ohunkóhun, yẹ̀ ẹ́ wò bóyá iwe.service dìde.

Má ṣe fo ìdánrawò tó kẹ́yìn. Service tí a kò tíì rí kó dìde fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí a tún kọ̀ǹpútà tan, iṣẹ́ orí rẹ̀ kò tíì parí.